Bí Ẹ Ṣe Lè Wọn Òǹkà Ìmọ́lẹ̀ Núkílíọ́ọ̀sì àti Sáítópíláàsímù Nínú Sẹ́ẹ̀lì Tó Ṣì Wà Láàyè

Ẹ mú aṣọ àdìrẹ kan láti Ìtòkú, ẹ nà án sójú oòrùn. Ibi tí aró mu ṣú dúdú, ibi tí okùn tàbí ẹ̀kọ dí funfun. Kò sí ọmọ Abẹ́òkúta tó máa sọ pé ibi tó dúdú ni aṣọ ti nípọn jù. Òwú kan náà ni. Aró ló wọ ibì kan tí kò wọ ibòmíràn. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé sílàídì tí a ti pa láró sábẹ́ máíkíròsíkóòpù, tí a rí núkílíọ́ọ̀sì (kóró àárín sẹ́ẹ̀lì) tó ṣú bí elú, kíá la máa ń sọ pé ó ki ju ara sẹ́ẹ̀lì yòókù lọ. Haematoxylin, aró tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì, ló rọ̀ mọ́ DNA níbẹ̀. Àwọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan fún wa nípa bí ohun tó wà nínú núkílíọ́ọ̀sì ṣe ki tó.

Ọ̀pọ̀ ìwé gba èrò yìí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n sì ń fún núkílíọ́ọ̀sì ní òǹkà (iye tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń falẹ̀ tó nínú nǹkan) tó ga ju ti sáítópíláàsímù, ara sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká, lọ, bíi 1.39 sókè. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Dresden ní Jámánì wọn oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, wọ́n sì rí òdìkejì rẹ̀: sáítópíláàsímù ló ga jù, núkílíọ́ọ̀sì ló rẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé nìkan. Àwọn tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fọ́n ká lára núkílíọ́ọ̀sì wá àmì jẹjẹrẹ kó tó gbilẹ̀ ń lo òǹkà yìí nínú ìṣirò wọn. Tí òǹkà bá ṣì, ìtóbi núkílíọ́ọ̀sì tí wọ́n máa rí náà á ṣì.

Ohun tí a kọ síhìn-ín ṣeé ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò kékeré, pẹ̀lú máíkíròsíkóòpù tí ilé ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí ní Abẹ́òkúta lè ní. Kò nílò lésà.

Ohun tí a ń wọ̀n gan-an

Ìmọ́lẹ̀ máa ń falẹ̀ tó bá wọ inú nǹkan. Iye ìlọ́po tó fi falẹ̀ sí bó ṣe ń sáré nínú òfìfo ni àwọn onífísíìsì ń pè ní refractive index; a ó máa pè é ní òǹkà n. Ti omi jẹ́ 1.333 ní 20°C. Ti gíláàsì sílàídì jẹ́ bíi 1.52. Ti inú sẹ́ẹ̀lì wà láàárín 1.35 sí 1.39 lọ́pọ̀ ìgbà, torí omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, púrótéènì ló sì tẹ̀ lé e.

Robert Barer, tó ṣiṣẹ́ ní Oxford ní àwọn ọdún 1950, ló fi hàn pé òǹkà yìí wúlò ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Gíráàmù 1 púrótéènì nínú 100 mílílítà omi máa ń gbé n sókè ní bíi 0.0018, irú púrótéènì yòówù kó jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ n ti mọ iye púrótéènì tó wà níbẹ̀, láì fọ́ sẹ́ẹ̀lì, láì pa á láró.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó gba inú sẹ́ẹ̀lì kọjá kì í sọ n fún wa tààrà. Ìdádúró rẹ̀ ló ń sọ, ìdádúró náà sì jẹ́ àpapọ̀ nǹkan méjì:

ìdádúró = (n sẹ́ẹ̀lì − n omi tó yí i ká) × gíga sẹ́ẹ̀lì

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé gbogbo iṣu tí òun rà ní Kútọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ẹ ò tíì mọ iye iṣu, ẹ ò sì tíì mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdádúró rí. Àárín sẹ́ẹ̀lì níbi tí núkílíọ́ọ̀sì wà ló máa ń ga jù. Ó lè dá ìmọ́lẹ̀ dúró púpọ̀ torí gíga yẹn nìkan, kì í ṣe torí pé ó ki. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwòrán fi ń tan èèyàn. Gbogbo iṣẹ́ tó kù nínú ìwé yìí, iṣẹ́ yíya gíga sọ́tọ̀ kúrò lára n ni.

Àwọn ohun èlò

Máíkíròsíkóòpù tó ní lẹ́ńsì 40× tí NA rẹ̀ (ìwọ̀n bí lẹ́ńsì ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) jẹ́ 0.65, tí kọ̀ńdẹ́ńsà rẹ̀, lẹ́ńsì abẹ́ sílàídì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ṣeé fún mọ́ra. Tó bá ní phase contrast, ohun èlò tó ń sọ ìdádúró ìmọ́lẹ̀ di ṣíṣú àti mímọ́lẹ̀, iṣẹ́ á yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá ní, a ó fi ìlà Becke ṣe é, èyí tí a ó ṣàlàyé níwájú. Kámẹ́rà, tàbí fóònù tó lè ya RAW (àwòrán tí fóònù kò tíì tún ṣe) tí ẹ sì lè ti ISO àti àkókò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pa sí ojú kan. Iná LED aláwọ̀ ewé tàbí gíláàsì ewé tó ń gba bíi 550 nánómítà kọjá.

Refractometer alọ́wọ́gbé tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú omi èso, èyí tí ojú ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0 sí 32 Brix. Ẹ ṣọ́ra níbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á: èyí tí àwọn olóyin ń lò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 58 Brix, kò lè ka ohunkóhun tó súnmọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ojú ìwọ̀n Brix kò mọ̀ bóyá ṣúgà ni tàbí púrótéènì. N ló ń kà, tó wá ń sọ ọ́ di ìdá ṣúgà. Ẹ lè dá a padà sí n báyìí: 0 Brix jẹ́ 1.3330, 5 jẹ́ 1.3403, 10 jẹ́ 1.3478, 15 jẹ́ 1.3557, 20 jẹ́ 1.3638, 25 jẹ́ 1.3723, 30 jẹ́ 1.3812. Ìlà 0.2 Brix kan jẹ́ bíi 0.0003 lórí n, ìyẹn sì tó fún iṣẹ́ wa.

Ooru Abẹ́òkúta lọ́rọ̀ sọ síbí o. Ọ̀pọ̀ refractometer tí wọ́n kọ ATC sí lára máa ń ṣàtúnṣe fún ooru láti 10 dé 30°C péré. Ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù máa ń kọjá 30 dáadáa, àtúnṣe náà kò sì ní ipá mọ́ níbẹ̀. N ti omi ń dín ní bíi 0.0001 fún ìwọ̀n ooru kan. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín láàárọ̀, tàbí kí ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù fún wákàtí kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo òǹkà. Ẹ má ṣe da òǹkà àárọ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀sán.

Albumin màlúù tó ti gbẹ, gíráàmù 3: púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni, òun la ó fi gbé n omi tó yí sẹ́ẹ̀lì ká sókè. Omi iyọ̀ 0.9% tí wọ́n ń fà sára aláìsàn, èyí tí ilé ìtajà oògùn ń tà. Ike mílílítà 500 kan á tó yín fún ọjọ́ púpọ̀. Fún fífọ gíláàsì àti ṣíṣètò refractometer sí 0, ẹ lo omi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń po oògùn. Ẹ má fi omi bátìrì dípò rẹ̀ láìwádìí, torí òmíràn nínú rẹ̀ ní ásíìdì.

Kí ló dé tí kì í ṣe ṣúgà? Torí ṣúgà ń fa omi jáde lára sẹ́ẹ̀lì láàyè. Ẹ bu iyọ̀ sórí ìgbín, ẹ ó rí i bó ṣe ń sunkì. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ti sunkì ti ki ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tí ẹ fi ń wọ̀n ti yí ohun tí ẹ ń wọ̀n padà. Molikulu albumin tóbi, nǹkan bíi 66,000 dáltọ̀n, iye rẹ̀ nínú omi kò pọ̀ tó láti fa omi púpọ̀, kò sì lè wọ sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ pé. Funfun ẹyin adìẹ máa ń wu èèyàn lò torí owó pọ́ọ́kú ni, n rẹ̀ sì wà ní bíi 1.355, àmọ́ ó ń fà bí ilá, kò rí bákan náà jákèjádò, àwọn okùn inú rẹ̀ yóò sì ba àwòrán jẹ́.

Pípo albumin

Ẹ wọn gíráàmù 3, ẹ da omi iyọ̀ mílílítà 6 sínú bíkà kékeré, kí ẹ wá wọ́n albumin sójú omi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ́n èlùbọ́. Ẹ má rò ó, ẹ má mì í. Tí ẹ bá mì í, yóò hó, fóòmù náà kò sì ní lọ bọ̀rọ̀. Ẹ bò ó, ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Tó bá yọ́ tán, ẹ fi omi iyọ̀ kún un dé mílílítà 10. Èyí ni àbùdá 30%, ìyẹn ògidì tí a ó máa fi omi iyọ̀ là. Ẹ fi bébà pH wò ó. Tó bá kan, ẹ kán sodium hydroxide tó ti là dáadáa sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí á fi dé nǹkan bíi 7.2.

Láti inú rẹ̀ ni ẹ ó ti po ìgò kéékèèké, mílílítà 1 ọ̀kọ̀ọ̀kan:

8%: àbùdá 0.27, omi iyọ̀ 0.73
12%: àbùdá 0.40, omi iyọ̀ 0.60
16%: àbùdá 0.53, omi iyọ̀ 0.47
20%: àbùdá 0.67, omi iyọ̀ 0.33
24%: àbùdá 0.80, omi iyọ̀ 0.20
28%: àbùdá 0.93, omi iyọ̀ 0.07

N omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ bíi 1.3345, nítorí náà ó yẹ kí 8% wà ní itòsí 1.349, 16% ní 1.363, 20% ní 1.3705, 28% ní 1.385. Mo ní "ó yẹ". Ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí refractometer, ohun tí ẹ bá kà ni kí ẹ kọ sára ìgò, kì í ṣe ohun tí ìṣirò sọ. Albumin máa ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò òjò, gíráàmù 3 tí ẹ wọ̀n lè ní omi nínú tẹ́lẹ̀. Àbùdá nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ inú píípẹ́ẹ̀tì: ẹ fà á jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ dúró kó sọ̀kalẹ̀ tán, kí ẹ nu ìta ṣóńṣó rẹ̀ kí ẹ tó tú u.

Yíyan sẹ́ẹ̀lì

Fún kíkọ́ ọwọ́, sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò lẹ́gbẹ́. Ẹ fi omi yọ ẹnu, ẹ fi òwú orí igi họ ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀, ẹ rò ó sínú omi iyọ̀. Núkílíọ́ọ̀sì wọn hàn kedere. Àmọ́ ẹ má fi òǹkà wọn ṣe ìròyìn: púpọ̀ nínú wọn ti kú tàbí wọ́n ń kú lọ, albumin sì ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ ti ya.

Fún òǹkà gidi, ẹni tó bá ní sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo kó lo ìyẹn. Ẹni tí kò ní, kó lo sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ adìẹ. Kí àwọn tó ń pa adìẹ fún yín lọ́jà gbe ẹ̀jẹ̀ adìẹ tára rẹ̀ dá sínú ìgò tó ti ní omi sodium citrate 3.8%, ìdá kan citrate sí mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀, kí ẹ dojú ìgò kodò lẹ́ẹ̀mẹwàá jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀rọ ayíbíríbírí ní 300 g (ìlọ́po 300 agbára òòfà ilẹ̀) fún ìṣẹ́jú 10 á pín in sí mẹ́ta: omi àwọ̀ ìyeyè lókè, pupa nísàlẹ̀, awọ funfun fẹ́lẹ́ láàárín. Awọ àárín yẹn la fẹ́. Ẹ fà á, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Sẹ́ẹ̀lì pupa adìẹ náà ní núkílíọ́ọ̀sì, kò dà bíi ti èèyàn, wọn á sì wà káàkiri nínú ohun tí ẹ fà. Ẹ yẹra fún wọn níbí: haemoglobin ti gbé sáítópíláàsímù wọn ga, albumin 28% lè má dé ibẹ̀.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ dán ìlera sẹ́ẹ̀lì wò. Ẹ̀kán kan pẹ̀lú ẹ̀kán trypan blue 0.4%, èyí tó bá di búlúù ti kú. Tí òkú bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ da á nù, ẹ wá òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìbú sẹ́ẹ̀lì ogún nínú omi iyọ̀ lásán, kí ẹ wọn ogún nínú albumin 20%. Bí àròpín ìbú méjèèjì bá bára mu, albumin yín kò fa omi. Bí sẹ́ẹ̀lì inú albumin bá kéré, iyọ̀ ti pọ̀ jù. Omi abẹ́rẹ́ díẹ̀ ni ẹ ó fi là á.

Wíwá òǹkà sáítópíláàsímù

Ẹ lẹ òpó sẹ́lótéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ sílàídì, àlàfo láàárín wọn, kí gíláàsì ìbòrí má bàa tẹ sẹ́ẹ̀lì pẹ̀rẹ̀sẹ̀. Ẹ da sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ pọ̀ mọ́ albumin púpọ̀, ó kéré tán ìdá 1 sí 20, torí omi iyọ̀ tó bá sẹ́ẹ̀lì wá ń la albumin náà. Ẹ kán an, ẹ bò ó, ẹ fi faselíìnì dí etí rẹ̀ yíká. Lásìkò ọyẹ́, etí tí a kò dí á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, n albumin á sì máa gòkè bí ẹ ṣe ń wò ó. Ẹ parí sílàídì kọ̀ọ̀kan kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé.

Lábẹ́ phase contrast tó wọ́pọ̀, sẹ́ẹ̀lì tí n rẹ̀ ju ti omi tó yí i ká lọ máa ń ṣú ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Tí n omi bá gòkè, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Tí méjèèjì bá dọ́gba, ara sẹ́ẹ̀lì á pòórá. Tí omi bá kọjá rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá ní phase contrast, kó fún kọ̀ńdẹ́ńsà mọ́ra, kó wo etí sẹ́ẹ̀lì: bí ẹ bá fi àyè kún àárín lẹ́ńsì àti sílàídì, ìlà funfun tí wọ́n ń pè ní ìlà Becke á sún lọ sí ibi tí n rẹ̀ ga. Tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì ló ga. Tó bá jáde, omi ló ga.

Sẹ́ẹ̀lì kì í rí bákan náà, nítorí náà ẹ má wá ìgò kan tí gbogbo wọn á ti pòórá. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ ka sẹ́ẹ̀lì 50, kí ẹ kọ iye tó ṣú sílẹ̀. Ibi tí ìdajì ti ṣú tí ìdajì ti mọ́lẹ̀ ni àròpín n wọn. Ká ní nínú 16%, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣú, nínú 20% ó jẹ́ 55, nínú 24% ó jẹ́ 8. Ìdajì wà láàárín 20 àti 24: 20 + 4 × 5/47, ìyẹn 20.4%. N ibẹ̀ jẹ́ 1.3345 + 0.0018 × 20.4, tó jẹ́ 1.371. Sáítópíláàsímù nìkan ni kí ẹ máa wò bí ẹ ṣe ń kà, níbi tó ti fẹjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ núkílíọ́ọ̀sì. Ẹ má jẹ́ kí àárín sẹ́ẹ̀lì fa ojú yín.

Núkílíọ́ọ̀sì: ìgbà tí ara sẹ́ẹ̀lì bá pòórá

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí èèyàn máa gbé n omi sókè títí núkílíọ́ọ̀sì á fi pòórá, kó wá sọ pé n omi yẹn ni ti núkílíọ́ọ̀sì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sáítópíláàsímù wà lókè núkílíọ́ọ̀sì, ó tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí mọ́ínmọ́ín tó bo ẹyin mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá ti gba inú méjèèjì.

Ẹ ṣe é báyìí dípò bẹ́ẹ̀. Ẹ po albumin tó bá n sáítópíláàsímù mu gan-an, èyí tó jẹ́ 20.4% nínú àpẹẹrẹ wa: àbùdá 0.68, omi iyọ̀ 0.32. Ẹ fi sẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀, kí ẹ wá sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ ti pòórá pátápátá. Etí rẹ̀ ò hàn mọ́, ara rẹ̀ ò yàtọ̀ sí òfìfo ẹ̀yìn, àfi àwọn hóró kéékèèké tó ń mì díẹ̀díẹ̀. Láàárín òfìfo yẹn, òbìrí kan ṣoṣo ló kù. Lábẹ́ phase contrast, bí òbìrí náà bá mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, n núkílíọ́ọ̀sì rẹlẹ̀ ju ti sáítópíláàsímù. Bó bá ṣú, ó ga jù. Àmì ṣíṣú kékeré tó sábà máa ń wà nínú òbìrí náà, nucleolus ni, òun ki ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ ò tíì ṣe ìṣirò kankan, ẹ ti rí ìdáhùn tí àwọ̀ haematoxylin kò lè fún yín.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé nínú omi yìí, (n sáítópíláàsímù − n omi) ti di 0. Sáítópíláàsímù tó wà lókè àti nísàlẹ̀ kò dá ìmọ́lẹ̀ dúró ju omi lọ mọ́, bó ti wù kó ga tó. Ohun tó kù ni:

ìdádúró = (n núkílíọ́ọ̀sì − n sáítópíláàsímù) × gíga núkílíọ́ọ̀sì

Gíga sẹ́ẹ̀lì ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ti núkílíọ́ọ̀sì nìkan ló kù. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń léfòó tí ohunkóhun kò tẹ̀, núkílíọ́ọ̀sì tó bá rí roboto ní gíga tó bá ìbú rẹ̀ mu. Ẹ yan àwọn tó rí roboto nìkan. Èyí tó gùn bí ẹ̀wà, tàbí tó pín sí abala, ẹ fi sílẹ̀.

Wíwọn ìdádúró náà pẹ̀lú àwòrán mẹ́ta

Ẹ tan iná ewé, kí ẹ fún kọ̀ńdẹ́ńsà mọ́ra dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ yọ phase contrast kúrò. Ẹ lo iná tó ń gba bátìrì. Iná jẹnẹrétọ̀ ń gòkè sọ̀kalẹ̀, àwòrán mẹ́ta tí ìmọ́lẹ̀ wọn kò dọ́gba á sì bí núkílíọ́ọ̀sì tí kò sí níbì kankan.

Ẹ ya àwòrán kan níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti wà lójú gan-an, ọ̀kan ní máíkírọ́ọ̀nù 2 lókè (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), ọ̀kan ní 2 nísàlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ máíkíròsíkóòpù, ìlà kan lára nọ́ọ̀bù kékeré jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 2, àmọ́ ẹ má gba ìyẹn gbọ́ láìdán an wò. Ẹ fi káláàmù kọ àmì sójú méjèèjì gíláàsì ìbòrí tí ẹ ti wọn nínípọn rẹ̀, ká ní 170 máíkírọ́ọ̀nù. Ẹ fi lẹ́ńsì 10× wo àmì òkè, ẹ yí nọ́ọ̀bù títí àmì ìsàlẹ̀ á fi hàn, ẹ ka ìlà tí ẹ kọjá. Ìrìn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 170 ÷ 1.52, ìyẹn 112 máíkírọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá ka ìlà 56, ìlà kan jẹ́ 2 lóòótọ́. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa gbà yí nọ́ọ̀bù nígbà gbogbo. Tí ẹ bá kọjá ibi tí ẹ ń lọ, ẹ padà sẹ́yìn dáadáa kí ẹ tún wá. Eyín nọ́ọ̀bù ní àyè láàárín, tí ẹ bá yí i padà, á kọ́kọ́ yí láìgbé nǹkan kan.

Nínú kọ̀ǹpútà, ètò Fiji tàbí Python tó, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ pín àwòrán kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àròpín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Ẹ yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò lára ti òkè, ẹ fi 4 máíkírọ́ọ̀nù pín in. Ẹ ṣe Fourier transform rẹ̀ (ìṣirò tó ń pín àwòrán sí ìgbì ńlá àti kékeré), ẹ pín in pẹ̀lú 4π²k² + ε, níbi tí k ti jẹ́ iye ìgbì nínú máíkírọ́ọ̀nù kan, tí ε sì jẹ́ òǹkà kékeré tí ẹ yàn, ẹ dá a padà, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2π/λ, níbi tí λ ti jẹ́ gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ní máíkírọ́ọ̀nù, 0.55. Ohun tó bá jáde ni phase, ìyẹn ìdádúró ìmọ́lẹ̀ tí a kọ ní radian, 6.28 rẹ̀ sì jẹ́ ìgbì kan. ε kékeré yẹn ló ń dí ìkùukùu lọ́wọ́: níbi tí k ti kéré, ariwo kékeré ń di òkè ńlá, ẹ̀yìn àwòrán á sì rí bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀. Ẹ máa fi kún ε díẹ̀díẹ̀ títí ìkùukùu á fi lọ, àmọ́ tí òbìrí núkílíọ́ọ̀sì bá ti ń pẹlẹbẹ, ẹ ti ṣe é jù. Sẹ́ẹ̀lì tó dá wà, tí òfìfo yí i ká, ló dára jù.

Bóyá àmì ìdádúró jẹ́ + tàbí −, ó wà lọ́wọ́ ibi tí ẹ pè ní òkè. Ẹ dán an wò pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì kan nínú omi iyọ̀ lásán: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ +. Tó bá jẹ́ −, ẹ pààrọ̀ àwòrán òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí, torí òun ni yóò sọ bóyá núkílíọ́ọ̀sì ga tàbí rẹlẹ̀.

Ẹ ka phase àárín núkílíọ́ọ̀sì, níbi tí kò sí nucleolus, kí ẹ yọ àròpín phase ẹ̀yìn kúrò lára rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ −0.64 radian, ìmọ́lẹ̀ sì jẹ́ 550 nánómítà. Ìdádúró jẹ́ 550 × (−0.64) ÷ 6.28, ìyẹn −56 nánómítà. Ìbú núkílíọ́ọ̀sì jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 8, tí í ṣe 8000 nánómítà. Ẹ pín in: −0.007. N núkílíọ́ọ̀sì jẹ́ 1.371 − 0.007, ìyẹn 1.364. Lórí púrótéènì, sáítópíláàsímù ní bíi gíráàmù 20 nínú 100 mílílítà, núkílíọ́ọ̀sì ní bíi 16.

Tí ẹ bá ṣi ìbú wọ̀n pẹ̀lú ìdajì máíkírọ́ọ̀nù nínú 8, ìyàtọ̀ 0.007 á fi bíi 0.0004 ṣì, kò lè yí àmì padà. Àṣìṣe refractometer àti ti ooru lè tó 0.001, àmọ́ sáítópíláàsímù àti núkílíọ́ọ̀sì jọ ń gbé e ni. Nítorí náà, ẹ lè dúró ṣinṣin lórí ìyàtọ̀ àárín wọn ju bí ẹ ṣe lè dúró lórí òǹkà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn ó kéré tán ọgbọ̀n núkílíọ́ọ̀sì, ẹ kọ òǹkà dé ibi mẹ́ta lẹ́yìn ojú àmì, kí ẹ kọ ìwọ̀n ooru, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti irú sẹ́ẹ̀lì sí i. Òǹkà n tí kò ní nǹkan mẹ́ta yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn kò lè lò ó.

Ẹ má fi ọtí tàbí fọ́máálìn mú sẹ́ẹ̀lì dúró kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ọtí ń fa omi jáde, ó sì ń mú púrótéènì dì bí ẹyin tí a sè. Òǹkà tí ẹ máa rí jẹ́ ti òkú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí DNA fúnra rẹ̀ ń gbé mì, ìyẹn wà ní 260 nánómítà, iṣẹ́ tí Torbjörn Caspersson ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1930. Gíláàsì lásán kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yẹn kọjá, sílàídì àti lẹ́ńsì quartz ló ń gbà á.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ rẹ sílàídì, píípẹ́ẹ̀tì àti ìyókù ẹ̀jẹ̀ sínú omi bulíìṣì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó dà á nù. Ẹ fi omi abẹ́rẹ́ nu ojú gíláàsì refractometer kíá, torí albumin tó bá gbẹ sórí rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè tí kì í ṣí, á sì ṣi òǹkà ọjọ́ kejì. Àbùdá tó kù lè wà nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ti ń rú, tàbí tí iná bá lọ mọ́jú tí fíríìjì sì gbóná, ẹ po òmíràn.